Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Sún Sẹ́yìn

"Ọ̀rọ̀ onífọ́tò, Àpínkẹ́ ni mo fi lé lọ́wọ́," ni Ìfẹ́olúwa wí, ó sì bu omi mu bí ẹni tí kò sọ nǹkan bàbàrà.

Gbogbo wọn yíjú sí Àpínkẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò inú àgbàlá wọn ní Titirou, ní ìlú Parakou, wọ́n ń pín iṣẹ́ ìgbéyàwó Ìfẹ́olúwa, àkọ́bí ilé. Bàbá wọn, Fọláránmi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti gba ètò ọkọ̀. Ìyá wọn, tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, ti gba ti aṣọ àti ti oúnjẹ. Ó ń ráhùn pé wọ́n di ẹrù lé òun lórí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìjà ló ń wá.

"Àpínkẹ́ tó ṣì ń lọ sílé ìwé ní lísè?" ni Bàbá bèèrè.

"Òun náà ni, Bàbá. Ojú ọmọ yìí mọ ohun tó dára. Ẹ gbé fọ́tò méjì síwájú rẹ̀, á mú èyí tó dáa jù, á sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Èmi ò lè ṣe é. Akinolúwa gan-an ò lè ṣe é."

Akinolúwa ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò sì jiyàn, nítorí bí Akinolúwa bá ya èèyàn ní fọ́tò, ẹsẹ̀ nìkan ló máa ń hàn dáadáa.

Bàbá ronú díẹ̀. "Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n fetí sí mi, Àpínkẹ́. Ìyá àgbà ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀. Nígbà tí ara wọn ò yá lọ́jọ́sí, mo wá fọ́tò wọn kan tí mo lè máa wò, mi ò rí. Gbogbo ayẹyẹ tí a ti ń ṣe nínú ilé yìí, bí wọ́n bá ti fẹ́ ya fọ́tò, ẹ̀yìn ni ìyá mi máa ń wà. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ lọ síwájú, kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ rí ìyá mi nínú fọ́tò, kí ojú wọn hàn kedere. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ìyókù, bó bá ṣe wù yín ni kí ẹ ṣe é."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá," ni Àpínkẹ́ wí.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ tí wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹran nínú ìkòkò, òun ni wọ́n ní kó yan ẹni tí yóò ya ìgbéyàwó àkọ́bí. Orí rẹ̀ wú. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo kíláàsì wọn ní lísè ti gbọ́, títí kan àwọn tí kò bèèrè.

"Kí lo tún ń wá kiri?" ni Hùdá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, wí. "Ṣebí Ọbalolúwa wà. Ta lẹni tó ṣègbéyàwó gidi ní Parakou tí kì í ṣe òun ló yà á?"

Kò parọ́. Ojú ìwé Ọbalolúwa lórí ayélujára kún fún ìyàwó tó ń tàn bí ọjọ́, àwọn èèyàn sì ń fi àmì ọkàn pupa sí i ní gbogbo ìgbà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Arzèkè. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì dé ibẹ̀, ọkùnrin náà dìde kí wọn bí ẹni tó ń kí àlejò pàtàkì. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. Ó tẹjú mọ́ Àpínkẹ́, ó gbé orí sápá kan, ó tún gbé e sápá kejì.

"Ta ló máa ń ya ojú yìí?" ló bèèrè.

"Kò sẹ́ni," ni Àpínkẹ́ dáhùn.

"Áà! Ẹ̀ṣẹ̀ lèyí o. Gbọ́, àbúrò mi. Mú ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ wá fún mi, màá sọ ọ́ di ojú ilé iṣẹ́ mi. Fọ́tò rẹ ló máa wà lókè pátápátá, gbogbo Parakou á rí i. Màá sì máa yà ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ títí wàá fi jáde ní lísè."

Hùdá fún un ní ìgúnpá. Inú Àpínkẹ́ dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Síbẹ̀ ó rántí pé iṣẹ́ ni wọ́n rán òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí yín lẹ́nu iṣẹ́."

Ọbalolúwa rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó gbọ́n! Mo ní ìgbéyàwó kan ní àdúgbò Albarika lọ́jọ́ Sámúdì yìí. Wá. Kó o sì múra dáadáa."

Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta náà pé, Àpínkẹ́ wọ aṣọ àdìrẹ aláwọ̀ ewé tí wọ́n rán fún un nígbà Àjíǹde, òun àti Hùdá sì gun ọ̀kadà lọ sí Albarika. Ilé àwọn oníṣòwò ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó náà, àwọn Mùsùlùmí tó ti pẹ́ nídìí ọjà. Wọ́n ti so yìgì tán. Sàfúrátù, ìyàwó, jókòó nínú àgbàlá, ó rẹwà púpọ̀. N kò ní fi ẹ̀tọ́ du Ọbalolúwa: iṣẹ́ rẹ̀ yá a lọ́wọ́. Ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ó sì mọ bó ṣe máa ní kí ìyàwó yí ọrùn tí ẹwà rẹ̀ á fi yọ. Àpínkẹ́ ń wò ó, ó sì ti ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó wá kan fọ́tò ẹbí. Wọ́n to àga. Ìyá arúgbó kan jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, ó ró aṣọ ẹ̀lú kan tó ti ṣá, tí etí rẹ̀ ti ń tú. Ọbalolúwa wò ó láti inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó fajú ro.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún sẹ́yìn. Aṣọ yín ń ba àwọ̀ fọ́tò jẹ́."

"Ẹ̀yìn ibo?" ni ìyá náà bèèrè.

"Ẹ̀yìn àwọn tó dúró yẹn, Màmá. Ẹ ṣe kíá, ìmọ́lẹ̀ ń lọ."

Ìyàwó fẹ́ yíjú wò, ṣùgbọ́n Ọbalolúwa ti pariwo, "Ìyàwó, má mira o! Ojú rẹ síbí!" Àwọn ẹbí ń tún gèlè ṣe, oníkálukú ń wá àyè ara rẹ̀. Ìyá náà dìde, ó di igbátí aṣọ rẹ̀ mú, ó sì kúrò níbẹ̀. Àga wá ṣófo. Ọbalolúwa wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì nawọ́ sí Àpínkẹ́.

"Ìwọ, wá dí àyè yẹn fún mi. Aṣọ rẹ bá ti ìyàwó mu."

Àpínkẹ́ lọ. Àga náà ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà tó jókòó. Ó na ọrùn, ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn pé nínú gbogbo èrò yìí, òun ni wọ́n pè.

Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n yà á tán ló lọ mu omi nídìí àmù, ó sì bá ìyá arúgbó náà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. Ọmọbìnrin ilé kan tó ń gbé abọ́ kọjá dúró.

"Ìyá Kàsìmáwò, kí lẹ wá ń ṣe níbí? Ṣé ẹ ò sí níbi fọ́tò ni?"

"Onífọ́tò ní aṣọ mi ò dáa."

"Aṣọ tí ẹ fi pọn ìyàwó! Nínú ilé yìí, ṣé kì í ṣe ẹni tó bá pọn ìyàwó ló gbọ́dọ̀ ró aṣọ ìpọnmọ rẹ̀ lọ́jọ́ yìí ni? Wọn ò sọ fún un?"

"Kò bèèrè," ni Ìyá Kàsìmáwò wí. "Ìyá Sàfúrátù kú nígbà tó ṣì ń mu ọmú, ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Ta ni onífọ́tò fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àpínkẹ́ gbé ife omi sílẹ̀. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, kó ní "Ẹ dákun, Màmá, èmi ni mo jókòó sípò yín." Kò sọ ọ́. Ó yọ́ kúrò, ó wá Hùdá rí, ó ní kí àwọn máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò náà ti wà lókè ojú ìwé Ọbalolúwa. Àpínkẹ́ ń tàn níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó tí kò mọ̀ rí. Gbogbo kíláàsì ń kí i. "Ìwọ gan-an lo dà bí ìyàwó!" ni wọ́n ń kọ sí i. Inú rẹ̀ ì bá dùn. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, ó sì rí i pé láàárín èjìká àwọn ọkùnrin méjì tó dúró lẹ́yìn, aṣọ ẹ̀lú díẹ̀ yọ jáde. Ojú kò sí níbẹ̀, aṣọ nìkan ni.

Ìyá àgbà wá sí i lọ́kàn. Ìyá àgbà tó rí kékeré, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, tí kì í bọ́ bàtà rọ́bà dúdú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Níbo ni Ọbalolúwa yóò ní kó sún sí? Ojú ti Àpínkẹ́ gan-an. Bàbá òun fẹ́ rí ìyá rẹ̀ nínú fọ́tò, òun sì ti fẹ́ lọ fi ìyá náà pààrọ̀ ojú ara òun.

Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó náà fún Hùdá, òun kò rí i bẹ́ẹ̀. "Ṣé ìyá rẹ ni? Ìwọ ni wọ́n ń fẹ́, ò ń da ara rẹ láàmú. Má fọwọ́ ara rẹ ba oríire rẹ jẹ́ o, Àpínkẹ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, tí kò sí kíláàsì, Àpínkẹ́ nìkan ló padà sí Albarika. Ó bá Ìyá Kàsìmáwò lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo jókòó sórí àga yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Àga dáadáa ni, àna wa ló gbé e wá."

Àpínkẹ́ kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Ìyá Kàsìmáwò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Dìde, ọmọ mi. Kì í ṣe ìwọ lo ní kí n kúrò. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo pọ̀n, òun náà sì mọ ẹni tó pọn òun. Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá nígbà tí wọ́n ń sin ín lọ ilé ọkọ." Ó gbé àgbọ̀n ẹ̀wà sílẹ̀. "Wọlé wá wo nǹkan."

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀. Ìkómọ ni. Ìyá Kàsìmáwò jókòó láàárín, ọmọ tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gbogbo ilé sì yí i ká. Ojú rẹ̀ hàn débi pé èèyàn lè rí i pé ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín.

"Ràyhánátù ló yà á, ó ń gbé ní òpópónà kejì sí wa," ló wí. "Kó tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú, ó jókòó tì mí, ó ní kí n sọ fún òun, ta ni ta ni nínú ilé yìí. Fún ìgbéyàwó yìí, àwọn ọmọ ní Ọbalolúwa ló lókìkí, mo bá dákẹ́."

Ibẹ̀ ni Àpínkẹ́ gbà lọ sọ́dọ̀ Ràyhánátù. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sí fèrèsé gíláàsì ńlá níbẹ̀. Ó ń fọ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí Àpínkẹ́ wọlé, ó fún un ní àga, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

"Ta ló dàgbà jù nínú ilé yín?" ni ohun tó kọ́kọ́ bèèrè.

"Tántí, ìyá àgbà mi ni. Ṣábẹ̀ ni wọ́n ń gbé."

"Ṣé wọ́n lè dúró pẹ́? Ṣé ojú wọn fẹ́ràn oòrùn?"

Àpínkẹ́ dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó wo àwọn fọ́tò tó wà nínú yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n ó rí nǹkan mìíràn níbẹ̀: èèyàn lè wo ẹbí kan, kó sì mọ olórí wọn láìbéèrè.

"N kò lókìkí bíi ti Ọbalolúwa o," ni Ràyhánátù wí, "n kò sì ní nǹkan kan tí màá fi ta ọ́ lọ́rẹ. Lọ sọ fún àwọn ará ilé rẹ, kí wọ́n wá wo iṣẹ́ mi."

Ibi tó le kù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àpínkẹ́ dúró níwájú Bàbá àti Ìyá rẹ̀, Ìfẹ́olúwa àti Akinolúwa, ó ní Ràyhánátù ni òun mú.

"Ràyhánátù wo?" ni Akinolúwa wí. "Gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti mọ̀ pé Ọbalolúwa ló ń bọ̀. Òun ni gbogbo ìlú ń wò."

Ìyá wọn náà gbè é lẹ́yìn. Ó ní àwọn oníbàárà òun ní Arzèkè ń retí àtirí ìgbéyàwó náà lójú ìwé Ọbalolúwa.

Àpínkẹ́ lè ní kò sí àyè lọ́wọ́ Ọbalolúwa. Irọ́ kékeré ni, ì bá gbà á. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde dípò rẹ̀, ó fi fọ́tò ìgbéyàwó Albarika hàn wọ́n.

"Áà, ìwọ rèé!" ni Ìyá rẹ̀ kígbe. "O mà rẹwà o!"

"Ẹ wo ẹ̀yìn mi, Màmá. Ẹ wo aṣọ ẹ̀lú yẹn. Ìyá tó tọ́ ìyàwó dàgbà ló ró o. Àyè rẹ̀ ni mo jókòó sí yẹn. Ọbalolúwa lé e dìde nítorí aṣọ rẹ̀, ó pè mí, mo sì lọ." Ó gbé ojú sókè wo Bàbá rẹ̀. "Ó tún ṣèlérí pé tí mo bá mú iṣẹ́ yìí wá fún òun, òun á máa yà mí lọ́fẹ̀ẹ́, òun á sì máa gbé mi sókè ojú ìwé òun. Ó wù mí. Bàbá, ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ fẹ́ rí Ìyá àgbà nínú fọ́tò."

Bàbá gba fóònù náà, ó wo aṣọ ẹ̀lú yẹn pẹ́.

Ìfẹ́olúwa ló kọ́kọ́ lanu. "Mo ní ìwọ ni mo fi lé lọ́wọ́. N kò sì tíì gbà á padà. Ràyhánátù ló máa yà wá."

Akinolúwa gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó túúbá. Ìyá wọn kùn díẹ̀, àmọ́ nígbà tó lọ wo iṣẹ́ Ràyhánátù lọ́jọ́ kejì, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ wá dùn. Ọjọ́ tí Ọbalolúwa gbọ́ náà ló yọ fọ́tò Àpínkẹ́ kúrò lókè, ó fi ti ọmọbìnrin mìíràn síbẹ̀. Ní lísè, wọ́n ń pè é ní "ojú ilé iṣẹ́ àná," wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Hùdá yí àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó dun Àpínkẹ́, ó sunkún nílé ìwẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Wọ́n lọ sí mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú, láti fọwọ́ sí ìwé, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì padà sí àgbàlá ní Titirou. Ràyhánátù ti wá láti ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti jókòó ti Ìyá àgbà, wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ títí ohùn Ìyá àgbà fi há. Nígbà tí fọ́tò ẹbí kàn, Ràyhánátù gbé àga sábẹ́ ìbòòji, ó mú Ìyá àgbà lọ́wọ́, ó fi í jókòó sí àárín gbùngbùn pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ tò wọ́n fún mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n."

Ìyá àgbà dìde díẹ̀ lórí àga, ó wò wọ́n yíká bí ọ̀gá iléèwé. Oyèwọlé, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá ní Kùtọnu, ti gúnwà sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú agbádá funfun tó gba àyè èèyàn méjì.

"Oyèwọlé, ta ló ní kó o dúró síbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Màmá, mo kàn..."

"Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún. Fọláránmi, máa bọ̀ níbí."

Ọ̀gá ńlá káṣọ rẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ kékeré, gbogbo àgbàlá sì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tí ó bí, ẹni tí wọ́n fẹ́ wá sílé, ìyàwó àti ọkọ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, àwọn àna tó mọ orúkọ wọn tán láàárín ọjọ́ kan. Àpínkẹ́ dúró ti Ràyhánátù, ó bá a gbé àpò dání, ó ń wò wọ́n. Kò tíì rí i rí kí ojú Ìyá àgbà mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Àpínkẹ́ dà?" ni Ìyá àgbà bèèrè. "Ìwọ lo kéré jù. Ilẹ̀ ni tìrẹ, níwájú níbẹ̀ yẹn, ní ìkángun."

Àpínkẹ́ sáré lọ, ó lóṣòó sí ìkángun, eruku sì bo aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí Ràyhánátù gbé fọ́tò náà wá, tí wọ́n ti fi gíláàsì sí i, gbogbo ilé yí i ká. Ojú Ìyá àgbà hàn kedere, títí dé ilà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́bàá ojú rẹ̀. Bàbá dì í mú, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á. Ní ìkángun nísàlẹ̀, Àpínkẹ́ di ojú méjèèjì pa, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

"Háà, ẹ wo Àpínkẹ́!" ni Ìfẹ́olúwa wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí a ní kí Tántí Ràyhánátù wá òmíràn tí ojú rẹ là?"

"Rárá o," ni Àpínkẹ́ wí. "Nínú èyí, kò sí ẹni tó wà nípò ẹlòmíràn."

Ó sọ ọ́ láìkálòlò rárá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tí Àpínkẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà ni kí ẹ̀yin náà mọ̀: bí wọ́n bá fọkàn tán yín, tí wọ́n fi nǹkan ìdílé lé yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi ra iyì fún ara yín. Iyì tí wọ́n bá lé ẹlòmíràn dìde kí wọ́n tó fún yín, ó lè tàn lójú fóònù, ṣùgbọ́n kò ní tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ dúró síbi tó tọ́ sí yín, kódà bó jẹ́ nínú eruku.

Lára ògiri pálọ̀ ni Bàbá gbé fọ́tò náà kọ́ sí. Nígbà tí àlejò àkọ́kọ́ wọlé, tó sì ń yin ìyàwó àti ọkọ, Bàbá fi ìka kan ìyá tó bí i lọ́mọ, ó pè é lórúkọ. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan ọmọ tó di ojú nísàlẹ̀.

"Èyí," ni Fọláránmi wí, ó sì na àyà, "òun ló bá mi rí ìyá mi."